Orí Keje: Yunifásítì Ìbàdàn: Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀, Ìdàgbàsókè Rẹ̀ àti Ipò Rẹ̀

Àfojúsùn

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:
1. sọ ìdí tí àwọn ará Nàìjíríà fi ń béèrè yunifásítì lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì;
2. ṣàlàyé àdéhùn tó wà láàrin Ìbàdàn àti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, èrè rẹ̀ àti àléébù rẹ̀;
3. dárúkọ iṣẹ́ ìwádìí tí Ìbàdàn fi sọ ara rẹ̀ di ẹni àmúyangàn;
4. jíròrò lórí ohun tó dín agbára yunifásítì náà kù àti ipò tó wà lónìí.

7.1 Ìfáàrà

Yunifásítì Ìbàdàn ló dàgbà jù nínú gbogbo yunifásítì Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí òmìnira ṣì ku ọdún méjìlá. Láti ìgbà náà títí di òní, ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀ níbẹ̀: ọwọ́ ta ni òṣùwọ̀n wà? Ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbàdàn kún ojú ìwọ̀n? Ìjọba amúnisìn dáhùn ní tirẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù dáhùn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa náà sì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí á máa tọ ìbéèrè yìí lẹ́yìn bí a ṣe ń ka ìtàn náà, kí ọdún àti orúkọ má baà di àkọ́sórí lásán.

7.2 Kí Ìbàdàn tó wà

Láyé àtijọ́, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ gba oyè yunifásítì ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibi tó sún mọ́ jù ni Fourah Bay College ní Freetown, tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní 1827. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Láti 1876 ni akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay ti lè gba oyè Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí owó òbí rẹ̀ bá tó o, ìlú Ọba gan-an ló ń lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé bí James Africanus Horton àti Edward Blyden ti ń ké láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé kí ìjọba dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n etí ikún ni ìjọba kọ sí wọn.

Nígbà tí ìjọba yóò fi dáhùn, Yaba Higher College ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1932, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní oṣù kìíní 1934. Wọ́n ń kọ́ni ní ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ wíwọ̀n àti iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ le, àwọn tó ń ráyè wọlé kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ti Yaba lásán ni. Kò sí yunifásítì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìṣègùn ní Yaba, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni yóò jẹ́, abẹ́ òyìnbó tó gboyè ní ìlú Ọba ni yóò sì ti máa ṣiṣẹ́.

Èyí bí àwọn èèyàn nínú. Ní 1934 yẹn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà wà nídìí ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ Yaba ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé dìde. Ní 1936 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigerian Youth Movement, tó wá di ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ń bínú sí. Wọn kò sọ pé àwọn kò fẹ́ òṣùwọ̀n òyìnbó o. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ni pé òṣùwọ̀n tí ìjọba fi ń wọn ọmọ òyìnbó, kò fẹ́ fi wọn ọmọ tiwọn.

7.3 Ìgbìmọ̀ Elliot: ìjábọ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ kan

Ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Walter Elliot ni alága rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì láti Nàìjíríà, Arku Korsah láti Gold Coast tó ń jẹ́ Ghana lónìí, àti E. H. Taylor-Cummings láti Sierra Leone.

Nígbà tí ìjábọ̀ jáde ní 1945, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ náà kò ṣọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tó fi mọ́ ọmọ Áfíríkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ pé kí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tirẹ̀. Àwọn tó kù sọ pé owó àti olùkọ́ kò tó, pé kí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Gẹ̀ẹ́sì máa lo ẹyọ kan ṣoṣo ní Ìbàdàn. Arthur Creech Jones wà lára àwọn tó kéré yìí, òun náà ló sì padà di mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Àwọn ará Gold Coast kò gbà. Wọ́n ní owó kòkó àwọn tó láti fi dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1948. Ní ti Nàìjíríà, ìjábọ̀ méjèèjì ló fẹnu kò sórí Ìbàdàn.

7.4 Láti Ẹlẹ́yẹlé dé ọ̀nà Ọ̀yọ́

Onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí nípa kòkòrò, Kenneth Mellanby, ni wọ́n yàn ní 1947 láti jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Kò sí ilé yunifásítì kankan tó ń dúró dè é. Ohun tó bá nílẹ̀ ni ilé ìwòsàn tí àwọn ológun lò nígbà ogun ní Ẹlẹ́yẹlé. Wọ́n sọ wọ́ọ̀dù di kíláàsì, wọ́n sọ òmíràn di ibùsùn àti yàrá ìwádìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó wá láti Yaba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ 104. Mọ́kàndínláàádọ́ta nínú wọn ló ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àti ilẹ̀ wíwọ̀n.

Àwọn ìjòyè Ìbàdàn yọ̀ǹda ilẹ̀ gbalasa ní àríwá ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ náà ju 1,000 hẹ́kítà lọ. Creech Jones fúnra rẹ̀ ló wá bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1948, ọjọ́ yìí sì ni yunifásítì náà ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ pọ́n-ùn ṣe ìrànwọ́ fún ilé kíkọ́. Owó kòkó náà wọ inú rẹ̀, nítorí àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ gbé owó ńlá kalẹ̀ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí a bá sọ pé òógùn àgbẹ̀ wà lára bíríkì ibẹ̀, a kò parọ́.

Ayàwòrán-ilé méjì, Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, ló ya àwòrán àwọn ilé náà. Ẹni tó bá dúró níwájú ilé ìkàwé yóò rí ọgbọ́n tí wọ́n dá. Ògiri tó kọjú sóde kì í ṣe ògiri tó dí: kọnkéré oníhò ni wọ́n fi ṣe é láti òkè dé ilẹ̀, oòrùn kò lè wọlé tààrà, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Wọ́n ṣe àwọn ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí fèrèsé lè wà níwájú àti lẹ́yìn yàrá. Iná mànàmáná lè lọ kí ènìyàn ṣì rí ìwé kà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Mellanby Hall ni ilé gbígbé tó ṣáájú. Tedder, Kútì, Sultan Bello àti Queen Elizabeth II, tó jẹ́ ti àwọn obìnrin, tẹ̀ lé e. Kútì Hall ni wọ́n fi sọrí Àlùfáà Ransome-Kútì tó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot.

7.5 Àdéhùn pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù

Láti 1948 títí di 1962, kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ni Ìbàdàn. Kò lè fún ènìyàn ní oyè lórúkọ ara rẹ̀. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyí: olùkọ́ Ìbàdàn yóò kọ ìlànà ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yóò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Bó bá di àsìkò ìdánwò, àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe ìbéèrè, wọn yóò sì jọ máàkì ìwé. Ẹni tó bá yege ní Ìbàdàn, oyè kan náà ló gbà pẹ̀lú ẹni tó yege ní Lọ́ńdọ̀nù.

Èrè àdéhùn yìí hàn kedere. Ẹ̀gàn tí wọ́n fi kan ìwé-ẹ̀rí Yaba kò lè kan oyè Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré, òṣùwọ̀n ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni. Láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ ti jáde: Christopher Okigbo àti Emeka Anyaoku tí wọ́n kọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì, J. P. Clark, akéwì, Flora Nwapa, òǹkọ̀wé, àti Grace Alele-Williams tó kọ́ ìṣirò, tó sì padà di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin ní 1985. Wọlé Ṣóyínká kàwé níbẹ̀ láti 1952 sí 1954 kó tó kọjá sí Leeds.

Àléébù rẹ̀ náà kò fara sin. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gboyè nínú Látìnì, ṣùgbọ́n kò lè gboyè nínú Yorùbá, Igbo tàbí Hausa. Kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin. Iye àwọn tó ń wọlé kéré, nítorí ẹnu ọ̀nà há. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira nílò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ronú lọ́nà mìíràn ni Nnamdi Azikiwe. Yunifásítì Nsukka tí òun ṣagbátẹrù rẹ̀, tó ṣí ní 1960, ìlànà Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e kà, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù.

> Wíwò fínnífínní: Chinua Achebe nínú kíláàsì lítíréṣọ̀
>
> Achebe wà lára àwọn tó wọ Ìbàdàn ní 1948. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló gba owó ìrànwọ́ ìjọba láti kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Owó ìrànwọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
>
> Lára ìwé tí wọ́n kà ní kíláàsì ni *Mister Johnson*, ìtàn àròsọ tí Joyce Cary, òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, kọ. Àwọn olùkọ́ kà á sí ìwé dáadáa. Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ara wọn nínú ọmọ Nàìjíríà tí Cary ṣàpèjúwe rẹ̀. Achebe sọ lẹ́yìn náà pé ìwé yẹn wà lára ohun tó mú òun pinnu láti kọ ìtàn tòun. Ní 1958, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó gboyè, *Things Fall Apart* jáde.
>
> Ẹ ronú sí i: ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́ Achebe bí a ṣe ń ka ìwé láàyẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló fi yẹ ìwé tí Lọ́ńdọ̀nù yìn wò. Kí ni èyí sọ fún yín nípa òṣùwọ̀n tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

7.6 Òṣùwọ̀n bọ́ sọ́wọ́ onílé

Ní 1960, Kenneth Onwuka Dike di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Ìbàdàn. Ní òpin ọdún 1962, Ìbàdàn di yunifásítì tó dá dúró, tó lè fúnni ní oyè tirẹ̀. Dike di gíwá àkọ́kọ́, Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba, sì jẹ́ sánsẹ́lọ̀ àkọ́kọ́.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé ni Dike ti ń pilẹ̀ ohun tí Ìbàdàn yóò fi dá ara rẹ̀ mọ̀. Onímọ̀ ìtàn ni. Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ibi tí kò bá sí ìwé, kò sí ìtàn. Dike tako èyí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò àti òṣèlú ní ẹkùn Niger Delta, tó jáde ní 1956, ó lo ìtàn àtẹnudẹ́nu pẹ̀lú ìwé ìjọba. Ó tún rí i pé àwọn ìwé ìjọba tó ń jẹrà káàkiri kò ṣòfò: òun ló pilẹ̀ ibi ìkówèé-ìtàn-pamọ́ ti orílẹ̀-èdè ní 1954, ilé rẹ̀ sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Ní 1955 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀. J. F. Adé Àjàyí, Sàbúrì Bíòbákú, Bọ́láńlé Awẹ́ àti àwọn mìíràn wà nínú ìgbòkègbodò ìmọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ lágbàáyé ń pe ọ̀nà ìwádìí wọn ní ti Ìbàdàn, ìyẹn ni pé Ìbàdàn ti di ibi tí ẹlòmíràn ti ń wá yá òṣùwọ̀n.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú àwọn ẹ̀ka mìíràn:

- Èdè. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965 lọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé yunifásítì náà, ó sì tẹ gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé àkọtọ́ òde òní lé, èyí tí ẹ fi ń ka ìwé yìí.
- Eré orí ìtàgé. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí kì í ṣe ọmọ yunifásítì, bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutùọlá kọ sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá.
- Ìṣègùn. Ilé ìwòsàn UCH ṣí ní Òríta Mẹ́fà ní oṣù kọkànlá 1957. Kó tó ṣí, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Ọba. Látìgbà náà, ẹgbẹ́ aláìsàn ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Látúndé Òdékù, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1962.

7.7 Àwọn ọmọ tí Ìbàdàn bí

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ti ara Ìbàdàn jáde. Ìbàdàn ṣí ẹ̀ka kan sí Jos ní 1971; ẹ̀ka náà di Yunifásítì Jos ní 1975. Ní 1975 yìí náà ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlọrin sílẹ̀ lábẹ́ Ìbàdàn, ó sì dá dúró ní 1977. Yunifásítì Ifẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ní tirẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, níbi tí Pólì Ìbàdàn wà báyìí, kó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn tó gboyè ní Ìbàdàn ló di olùkọ́ àti gíwá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tuntun.

7.8 Àkókò ìpọ́njú

Ohun tó ń dààmú orílẹ̀-èdè kò yọ Ìbàdàn sílẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn 1966 bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Igbo padà sí Ìlà-Oòrùn. Dike náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ilé gbígbé wọn. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ìbọn ọlọ́pàá sì ba akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adékúnlé Adépéjù, ó kú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní, wọ́n sì máa ń ṣe ìrántí rẹ̀.

Ìpọ́njú tó tún wọra ni ti owó. Nígbà tí owó epo dínkù, tí ìjọba sì mú ètò àtúntò ọrọ̀-ajé SAP wá ní 1986, iye náírà já wálẹ̀. Owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n kò tó gbọ́ bùkátà mọ́. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ láti òkè òkun àti èròjà yàrá ìwádìí, tó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n, di ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ká ẹrù wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Saudi Arabia àti gúúsù Áfíríkà. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ń yanṣẹ́ lódì léraléra. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé láti lo ọdún mẹ́rin kò lè búra pé ọdún mẹ́rin ni òun yóò lò.

7.9 Ipò rẹ̀ lónìí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìbàdàn ní aṣọ, ó ní àkísà. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ti di ẹni tó ju 30,000 lọ. Ó gbajúmọ̀ fún kíkọ́ àwọn tó ń wá oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì mìíràn sì ń padà wá síbẹ̀ fún èyí. Síbẹ̀, ilé gbígbé kò gba gbogbo ọmọ mọ́. Àgbọ̀wọ́ tó kọjú sí gééètì ńlá ti di ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí yàrá, oúnjẹ àti ìwé ẹ̀dà ti ń rìn pọ̀ lójú pópó kan náà.

Òṣùwọ̀n mìíràn sì tún ti dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń to yunifásítì gbogbo àgbáyé ní ipò lọ́dọọdún. Ìbàdàn sábà máa ń wà lókè láàrin ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Yunifásítì Covenant, tó jẹ́ ti aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ti ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn àtòjọ kan. Lára ohun tí àtòjọ yìí ń kà ni iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí nínú ìwé ìròyìn òkè òkun, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó wá láti ilẹ̀ mìíràn. Wọn kì í ka iye yunifásítì tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bí, tàbí iye dókítà tó fi sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó fẹ́ mọ ipò Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Àwọn ọdún tó ṣe kókó

- 1932: Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Yaba Higher College
- 1945: Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ Elliot jáde
- 1948: Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé
- 1957: UCH ṣí ní Òríta Mẹ́fà
- 1960: Dike di ọ̀gá àgbà
- 1962: Ìbàdàn di yunifásítì tó dá dúró
- 1975: Ẹ̀ka Jos di yunifásítì
- 1986: Ètò SAP bẹ̀rẹ̀

Ìsọnísókí

Ìbínú àwọn ará Nàìjíríà sí ìwé-ẹ̀rí Yaba ló ṣílẹ̀kùn fún Ìbàdàn. Oyè Lọ́ńdọ̀nù fún un ní iyì, ó sì dí i lọ́wọ́ láti kọ́ni ní ohun ilé. Ìwádìí àwọn onímọ̀ bí Dike àti Bámgbóṣé ló sọ ọ́ di ibi tí ìmọ̀ ti ń jáde. Àìsí owó àti àìsí ìfọ̀kànbalẹ̀ ló fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ìwé-ẹ̀rí Yaba fi bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú ní 1934?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà nínú ìjábọ̀ méjèèjì tí ìgbìmọ̀ Elliot gbé jáde? Kí ni àwọn ará Gold Coast ṣe?
3. Ṣàlàyé èrè méjì àti àléébù méjì tó wà nínú àdéhùn pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù.
4. Báwo ni iṣẹ́ Dike ṣe tako èrò pé ibi tí kò sí ìwé, kò sí ìtàn?
5. "Láìsí oyè Lọ́ńdọ̀nù, Ìbàdàn ì bá má níyì." Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀? Fi ẹ̀rí láti inú orí yìí ti èrò rẹ lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá àgbàlagbà kan ní àdúgbò yín tó kàwé ní yunifásítì kó tó di 1986, kí ẹ sì wá ẹni tó ń kàwé níbẹ̀ báyìí. Ẹ bi àwọn méjèèjì nípa ibùsùn, oúnjẹ, ilé ìkàwé àti iye ọdún tí wọ́n lò. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sí ìhà méjì lórí ìwé kan, kí ẹ jíròrò nínú kíláàsì lórí ohun tó yàtọ̀ àti ohun tó fà á.